Lẹ́tà tí Wọ́n Ní Kò Dé

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, lọ́yà ilé-iṣẹ́ wa pè mí sí yàrá ìpàdé tó kọjú sí òkun. Ó fa àga fún mi, ó sì gbé bébà kan síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i. Obìnrin tó mọ́ra ni, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní kò sí nǹkan bàbàrà nínú rẹ̀, ìlà mẹ́rin péré. Mo kà á. Ohun tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ ni pé èmi, Nevcihan Kâmil, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Delmora láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́rìí pé kò sí lẹ́tà kankan tó dé ọ́fíìsì wa rí láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ní òun ló ni ilẹ̀ tí òtẹ́ẹ̀lì náà wà lórí rẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo mú lẹ́tà náà wọlé.

Mo sọ fún obìnrin náà pé mo fẹ́ mú bébà rẹ̀ délé kí n tún un kà dáadáa, pé òyìnbó inú rẹ̀ jinlẹ̀. Irọ́ ni. Ó wò mí díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú, kí n ṣáà mú un padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ká bébà náà sí mẹ́rin, mo jù ú sínú báàgì, mo padà sídìí tábìlì tí mo ti ń gba àlejò. Àwọn òyìnbó méjì ń bi mí nípa ọkọ̀ ojú omi, mo ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tí èmi gan-an ń sọ.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ọmọ agbègbè Baf, ní gúúsù erékùṣù wa, ni wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ogun ti pín erékùṣù wa sí méjì, tí wọ́n kó àwa tí à ń sọ èdè Tọ́kì lọ sí àríwá, tí àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì sì ti sá lọ sí gúúsù. Bàbá mi fi ilé, ọgbà àjàrà àti ewúrẹ́ mọ́kànlélógún sílẹ̀ ní Baf. Nígbà tá a dé àríwá, wọ́n fún wa ní ilé kan tí ẹni tó ni ín ti sá lọ, ní abúlé Sazlıköy tí kò jìnnà sí ìlú Girne. Kalamoulli ni àwọn Gíríìkì ń pe abúlé kan náà. Ọgbà ọsàn ńlá kan wà lẹ́yìn ilé, ó lọ títí dé etí òkun. Lọ́jọ́ tá a wọlé, aṣọ ilé-ìwé ọmọbìnrin kan ṣì wà ní ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó fi sínú àpótí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n wọ̀ ọ́. Kò gbà.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n la fi gbé ilé náà kí wọ́n tó ṣí ẹnubodè àárín apá méjèèjì lójijì, ní oṣù kẹrin ọdún 2003. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Evanthia lorúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Theognosia, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti sọ fún wa ẹni tí wọ́n jẹ́. Abúlé wa ní Baf, àti Tọ́kì àti Gíríìkì ló jọ ń gbé níbẹ̀, nítorí náà ìyá mi, Şerife, gbọ́ Gíríìkì bí ẹni tí wọ́n fi bí, ẹnu rẹ̀ lèmi náà sì ti kọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n wọlé, ó lọ gbé kọfí kaná. Ìyá Evanthia kò jókòó. Ó gba inú ilé kọjá, ó bọ́ sẹ́yìn, ó wọ inú ọgbà, ó ń fọwọ́ kan àwọn igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà dé, ó ti fajú ro.

"Ta ló ń gé ẹ̀ka àwọn igi yìí?" ó bi ìyá mi.

"Èmi ni."

"Ta ló kọ́ ẹ? O gé wọn bí irun ẹlẹ́wọ̀n."

"Ẹlẹ́wọ̀n ọ̀hún ló ń so lọ́dọọdún yẹn," ni ìyá mi wí. "Ìgbà tí mo bá wọn, ṣe ni wọ́n ń gbẹ lọ. Kò tíì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o."

Kí kọfí tó tutù, àwọn méjèèjì ti wà nínú ọgbà, ìyá mi lórí àkàbà pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, Ìyá Evanthia nísàlẹ̀, ó ń nàka sí ẹ̀ka, wọ́n sì ń bá ara wọn jà bí ìyàwó ilé kan náà. Èmi àti Theognosia dúró sí kíṣíìnì. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Mo ṣí àpótí, mo gbé aṣọ ilé-ìwé náà fún un. Ó gbà á, ó jáde, ó lọ jókòó sínú mọ́tò títí ìyá rẹ̀ fi múra àtilọ.

Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń wá, lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá mi kì í dúró. Bó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò wọn, á kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, á mú fìlà, á gba ilé kọfí lọ. Mo rò pé inú ló ń bí i sí wọn. Kò yé mi nígbà náà.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni bàbá mi ta ọgbà náà. Delmora ló rà á, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó tó ní òtẹ́ẹ̀lì káàkiri àgbáyé. Bàbá mi ní ìwé tí ìjọba àríwá fún un, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó tó. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún wa. Nítorí pé ilé ìránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé, tí ọkọ mi sì ti kú, tí mo ń dá tọ́ ọmọbìnrin mi, wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn, torí mo gbọ́ Tọ́kì, Gíríìkì àti òyìnbó. Àbúrò mi, Tuncay, di awakọ̀ wọn. Ìyá mi kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ fún ogójì ọjọ́. Á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á yíjú padà.

Ẹnu ìyá mi ni Ìyá Evanthia ti gbọ́. Kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ó ti gúnlẹ̀ síwájú ọ́fíìsì, òun nìkan, ó fa lẹ́tà kan yọ nínú báàgì.

"Kà á fún ọ̀gá rẹ," ó wí. "Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Garrick ni ọ̀gá wa nígbà náà. Mo kà á fún un ní Gíríìkì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó bí mo ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ìyá náà kọ ọ́ pé òun, Evanthia, opó Loizos, ló ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, pé bàbá òun ló fún òun lọ́jọ́ tí òun ń lọ sílé ọkọ, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun. Òun kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Òun ń sọ fún wọn kí wọ́n má baà wí lọ́jọ́ kan pé àwọn kò mọ̀ ni. Igi ọsàn tó wà níbẹ̀ jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá. Mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ń ṣàìsàn. Bó bá di dandan pé kí wọ́n gé igi, àwọn mẹ́ta yẹn ni kí wọ́n gé, kí wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Garrick tẹ́tí sílẹ̀ láìgbójú sókè. Ó bi mí bóyá ó tán. Mo ní ó ti tán. Ó gba lẹ́tà náà, ó kọ déètì sórí rẹ̀, ó fọwọ́ sí i lábẹ́ déètì, ó fi sínú fáìlì aláwọ̀ búlúù kan.

"O ṣeun, Nevcihan," ó wí. "Sọ fún àwọn oníkatakata pé ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀."

Mo sì sọ fún wọn. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn, pé ẹnu kan náà tí mo fi ka lẹ́tà ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni katakata fi hú gbogbo rẹ̀. Ọsàn yí dé ojú títì, àwọn ará abúlé gbé abọ́ wá ṣà á. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Evanthia dúró sójú títì, ó wo ibẹ̀, kò wọ ilé wa, kò sì padà wá mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó kú ní gúúsù. Ìyá mi tẹ̀ lé e lọ́dún kejì.

Lẹ́yìn ikú wọn ni Theognosia pe Delmora lẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù gúúsù. Lọ́yà rẹ̀ sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ní òwò káàkiri Yúróòpù, ìdájọ́ tí wọ́n bá dá níbẹ̀ lè bá wọn dé ibikíbi. Èsì Delmora kò gùn. Wọ́n ní àwọn fi ọkàn mímọ́ rà á, kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn. Wọ́n ti gbé Ọ̀gbẹ́ni Garrick lọ sí òtẹ́ẹ̀lì wọn mìíràn ní orílẹ̀-èdè tó jìnnà. Fáìlì búlúù kò sí mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó mọ̀ nípa lẹ́tà náà ni èmi.

Theognosia wá mi rí nínú oṣù kẹjọ. A jókòó nínú Büyük Han, ilé àlejò àtijọ́ kan ní Lefkoşa, ìlú tí ẹnubodè là sí méjì, láàárín àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò. Ó mọ̀ pé èmi ni ìyá rẹ̀ gbé lẹ́tà kan fún; ó fẹ́ kí n wá jẹ́rìí sí i ní kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ó ní òun kò wá fi dandan mú mi. Mo ní mi ò lè ṣe é. Mo ní ọmọ mi wà ní yunifásítì, àbúrò mi ń jẹun níbẹ̀, bàbá mi ti dàgbà, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀. Ó mi orí. Ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó dìde, ó ní kí n bá òun kí Bàbá. Inú mi ìbá dùn ká ní ó bú mi.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́yà Delmora gbé bébà onílà mẹ́rin fún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀, mi ò mọ̀. Mo bá ara mi ní Girne. Mo rìn yí etíkun po, mo tún un rìn, oníkọfí kan bi mí bóyá ẹnì kan sọnù ni. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo fọ gbogbo fèrèsé ilé wa, nígbà tí mo parí mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí àkàbà ni Tuncay bá mi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé obìnrin náà ti bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Mo ń gbọ́ ẹ láti ibí."

"Ìlà mẹ́rin ni. Ẹ fọwọ́ sí i kí gbogbo wa sinmi."

Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun kò sọ pé òótọ́ ni. Ó ka àwọn tó ń jẹun nídìí òtẹ́ẹ̀lì náà lábúlé wa fún mi, láti orí ẹni tó ń fọ aṣọ dé orí ẹni tó ń ta ẹja fún wọn. Lẹ́yìn náà ó sọ èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

"Ọgbà àjàrà Bàbá ní Baf ńkọ́? Gíríìkì wo ló dìde jẹ́rìí fún Bàbá? Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi."

Mo padà sídìí fèrèsé tí mò ń fọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti ike omi mi sí ẹ̀gbẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé bébà náà tọ bàbá mi lọ. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ibi tó máa ń jókòó sí lẹ́yìn ilé, òkun lèèyàn ń rí láti ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ibi ìwẹ̀ àwọn àlejò ló wà níwájú rẹ̀ báyìí, a sì ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń bẹ́ sómi. Mo túmọ̀ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un.

"Lẹ́tà dé àbí kò dé?"

"Ó dé, Bàbá."

"Ìwọ lo mú un wọlé?"

"Èmi ni."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Mo ní tí mo bá lọ, wọ́n á bèèrè ẹni tó ta ilẹ̀ náà. Wọ́n á dárúkọ rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù àwọn Gíríìkì.

"Kí wọ́n dá a. Orúkọ mi ni," ó wí. Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ ọgbà yẹn. Kò sọ́jọ́ tí mo jẹ ọsàn ibẹ̀ tí kò dà bíi pé ẹnì kan ń wò mí lẹ́nu. Nígbà táwọn ìyá yẹn tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá, mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí nínú ilé mi. Òyìnbó wá dé. Mo ní ẹ jẹ́ kí n tà á kí n lè sinmi." Ó wo ògiri náà. "Mi ò sinmi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí bàbá mi sọ irú rẹ̀. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo bi í bóyá ó máa mu tíì. Ó ní òun máa mu.

Fóònù tiwa kì í pe tiwọn. Nítorí náà lọ́jọ́ Ajé mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lefkoşa, mo fi káàdì mi han àwọn ọlọ́pàá tiwa, mo rìn kọjá àárín ilé àwókù, mo tún fi í han àwọn ọlọ́pàá tiwọn. Mo bẹ obìnrin kan tó ń ta sìgá pé kó jẹ́ kí n fi fóònù rẹ̀ pe ẹnì kan.

"Èmi ni," mo sọ fún Theognosia. "Nevcihan. Mo máa wá."



"Wọ́n á lé ẹ níbi iṣẹ́ o," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ro ó wò dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rò ó láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé bébà náà padà fún lọ́yà Delmora bó ṣe fún mi gẹ́lẹ́, àfi ibi tí mo ká a. Ó yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo sọ fún un pé lẹ́tà náà dé. Kò pariwo. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ní rárá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi àti báàjì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Tuncay wà nínú ọkọ̀ níwájú òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí mo gbé ẹrù mi jáde. Ó wo iwájú gan-an títí mo fi kọjá.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pe ẹjọ́ náà. Kọ́ọ̀tù kún. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí ẹnì kan máa túmọ̀, mo ní mo gbọ́ Gíríìkì. Bí mo ṣe la ẹnu, àwọn kan rẹ́rìn-ín, adájọ́ pàápàá. Gíríìkì àwọn arúgbó Baf ni Gíríìkì mi, irú èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí kì í sọ mọ́. Mo sọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé, ẹni tó mú un wá, ẹni tó gbà á, àti àwọ̀ fáìlì. Lọ́yà Delmora tibẹ̀ wá dìde. Gíríìkì ni òun náà, ọkùnrin tó gún régé, tó ń pè mí ní "ìyá wa" bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò lè fi bẹ́ẹ̀ ju ara wa lọ.

"Ìyá wa, ta ló ta ilẹ̀ yìí fún àwọn oníbàárà mi?"

"Bàbá mi."

"Ohun tí ẹ wá sọ fún kọ́ọ̀tù lónìí ni pé olè ni bàbá yín?"

Mo di igi iwájú mi mú. Mo rí Theognosia tó sọ orí kọ́ níbi tó jókòó sí.

"Bàbá mi kì í ṣe olè," mo wí. "Wọ́n gba tirẹ̀, wọ́n fún un ní ti ẹlòmíì, ó tà á. Orúkọ tí ẹ bá fẹ́ pe ìyẹn, ẹ̀yin lẹ kàwé. Èmi wá sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà."

Ó ní báwo ni mo ṣe lè rántí lẹ́tà tí mo kà lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo bi í bóyá kí n sọ ọ́. Adájọ́ ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, igi igba ó lé mẹ́rìnlá, mẹ́ta tó ń ṣàìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín Gíríìkì mi mọ́. Theognosia fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ kò sọ ohun tó kọ fún un rí.

Lẹ́yìn rẹ̀, ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì retí rẹ̀.

"Mẹ́ta ni lóòótọ́," ó wí. "Kí ogun tó dé, bàbá mi fẹ́ gé wọn, Màmá ní rárá, wọ́n á yè é. Ó ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ láràárọ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

A jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibẹ̀.

Theognosia jàre ní ọdún kejì. Delmora pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí wọ́n tó gbọ́ ọ, wọ́n ta òtẹ́ẹ̀lì náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní erékùṣù kékeré kan lápá ibòmíràn láyé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti pààrọ̀ pátákó iwájú. Aṣọ ìnura kan náà ni, ibi ìwẹ̀ kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà.

Lábúlé, àwọn kan ń kí mi, àwọn kan kì í kí mi. Ẹnì kan fi ọ̀dà pupa kọ "ọ̀dàlẹ̀" sára ògiri wa. Kí n tó mú omi jáde, bàbá mi ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ, ó ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí n bá òun ṣe é. Tuncay ń gbé oúnjẹ wá fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ti ẹnu bàbá wa bá mi sọ̀rọ̀. Á jókòó síwájú mi, á ní, "Bàbá, ẹ sọ fún un pé tíì rẹ̀ ti dùn jù." Bàbá á ní, "Ó gbọ́." Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé, ó bi mí tààrà ibi tí mo fi iyọ̀ sí. Mo nàka sí i.

Mo ríṣẹ́ sí gúúsù, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn tó wá láti Baf nínú wọn fẹ́ràn mi torí pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ìyá wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń kọjá ẹnubodè lójúmọ́. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ibi tí mo wà kọ́ ló yẹ kí n wà, yálà mo wà lọ́hùn-ún ni o tàbí mo wà níbí. Bí mo bá jókòó pẹ́, màá dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Theognosia dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn arúgbó. Ó ti ń lo awò ojú, irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní ilé-iṣẹ́ tuntun ti fèsì, wọ́n ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ àtijọ́, òfìfo ni àwọn bá àpótí ìwé inú ọ́fíìsì. Lọ́yà rẹ̀ ní wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A rìn lọ sí ọ̀nà ẹnubodè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó gbé e lọ sọ́hùn-ún.

"Ó rẹ̀ mí, Nevcihan," ó wí.

"Ó rẹ èmi náà."

"Tó o bá ní o ò lè wá mọ́, mi ò ní bínú."

Àwọn èèyàn tò síwájú wa, olúkúlùkù pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ń wá tèmi nínú báàgì.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n dá?" mo bi í.

"Ọjọ́rú."

"Aago mélòó?"

Ó sọ ọ́ fún mi. Ìlà sún síwájú, mo sì bá wọn sún.